Ìtànṣán àti kẹ́mò lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé kò ní pọ̀ jù fún ẹ̀gbọ́n mi?

Ìbéèrè

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 52, olùkọ́ ni ní Òṣogbo. Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, apá òsì rẹ̀ kò lágbára mọ́, ó sì dákú nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ kókó kan kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àyẹ̀wò ni glioblastoma. Dókítà ní kó gba ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó sì máa lo kápúsù kẹ́mò tí wọ́n ń pè ní temozolomide lójoojúmọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹbí ti pín sí méjì. Àwọn kan ní kó gba ìtànṣán tán ná, kó sinmi, kó tó lo kẹ́mò, pé méjèèjì pọ̀ máa pa á. Àǹtí wa àgbà ní ká fi àgbo kún un. A ò sì tíì sọ fún òun fúnra rẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.”

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ sì kú àìsùn. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, mo rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún aláìsàn nínú gbogbo yín. Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù: ẹ má pín in. Lójoojúmọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín bá máa gba ìtànṣán, kápúsù yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí mo ti rí ẹbí tó jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún wọn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ mọ ẹ̀kan, koríko tí ewé rẹ̀ mú bí abẹ yẹn. Àgbẹ̀ á fi àdá ṣán an, ilẹ̀ á mọ́ tónítóní. Òjò méjì péré, ẹ̀kan ti yọrí níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò, torí gbòǹgbò rẹ̀ ti rìn lábẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi tí ewé rẹ̀ hàn dé. Bí glioblastoma ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ fojú rí tó sì yọ ni ewé. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mìíràn ti yọ́ wọ àárín ọpọlọ tó dára, ojú kò rí wọn, àwòrán MRI pàápàá kò rí wọn. Ẹnikẹ́ni kò sì lè máa ro ọpọlọ bí ẹni ń ro oko, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìrántí rẹ̀ àti agbára apá rẹ̀ wà. Nítorí náà, bí iṣẹ́ abẹ náà bá tilẹ̀ lọ dáadáa, tí dókítà sọ pé òun yọ gbogbo ohun tí òun rí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìtànṣán ni a fi ń tọ gbòǹgbò lọ. A máa ń fojú sun ibi tí kókó náà wà, a ó sì mú díẹ̀ kún un yíká. Gbogbo ìwọ̀n ìtànṣán náà jẹ́ 60 Gy (Gy ni a fi ń wọn ìtànṣán), a ó pín in sí ọ̀nà 30, 2 Gy lójúmọ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi fún un lẹ́ẹ̀kan náà kó lọ sílé. Ohun tí ìtànṣán ń ṣe ni pé ó ń já okùn DNA, ìyẹn okùn tó gbé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó dára ní aránṣọ nínú ilé: láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, á ti rán èyí tó pọ̀ jù nínú ibi tó ya. Ìpín kékeré ojoojúmọ́ ló ń fún aránṣọ yẹn láyè. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í sábà rán tirẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì glioblastoma wà lára àwọn tó lágídí jù. Àwọn kan nínú wọn máa ń rán ara wọn padà, wọ́n á sì dìde.

Ní ọdún 1978, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fi àwọn ìtọ́jú wéra. Láàárín àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí wọn kò sì fún ní ìtànṣán tàbí kẹ́mò, ìdajì ti kú kí ọ̀sẹ̀ 14 tó pé. Àwọn tó lo oògùn kan tó ń jẹ́ carmustine, ọ̀sẹ̀ 18 àtààbọ̀. Àwọn tó gba ìtànṣán, ọ̀sẹ̀ 35. Àwọn tó gba méjèèjì ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ 34 àtààbọ̀. Ẹ rí i pé ohun tí àwọn ará ilé yín ń sọ, pé kí ni ìwúlò kíkó méjì pọ̀, àwọn dókítà náà ti wí i rí, ó sì ní ìdí. Oògùn tó máa bá ìtànṣán rìn ni a kò tíì rí nígbà náà.

Oògùn yẹn ni temozolomide. Yunifásítì Aston ní Birmingham, ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni Malcolm Stevens àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é jáde ní àwọn ọdún 1980. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ọpọlọ ní ògiri tó yí i ká tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn inú ẹ̀jẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n temozolomide ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹnu ni a sì ń gbé e gbà, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí dírípù. Bó bá ti dé inú sẹ́ẹ̀lì, á lẹ àmì kékeré kan mọ́ ara DNA. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àmì yẹn á da ìṣírò rẹ̀ rú: á gé e, á tún un ṣe, yóò tún rí i pé kò bára mu, á tún gé e, títí okùn náà á fi já pátápátá. Ẹ wá fi ojú inú wo sẹ́ẹ̀lì kan tí ìtànṣán ti fa aṣọ rẹ̀ ya ní àárọ̀ yìí, tí oògùn yìí sì ti da aránṣọ rẹ̀ láàmú kó tó mú abẹ́rẹ́ dání. Ìdí tí a fi ń kó wọn pọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fún un ní kápúsù lẹ́yìn oṣù méjì tí ìtànṣán ti parí, ohun tó yè ti rán aṣọ rẹ̀ tán.

Èyí tó kù nínú àlàyé yìí ló wù mí jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Sẹ́ẹ̀lì ní ọmọ iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MGMT, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọ àmì tí temozolomide lẹ̀ mọ́ DNA. Ṣùgbọ́n bí oyin ló ṣe rí: oyin tó bá ti ta ènìyàn, tirẹ̀ ti tán. MGMT kan á yọ àmì kan, òun náà á sì bàjẹ́, àfi kí sẹ́ẹ̀lì ṣe òmíràn. Nítorí náà ni a fi ń fún aláìsàn ní ìwọ̀n kékeré lójoojúmọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á fi pé, kí MGMT má baà rí àyè kó ara rẹ̀ jọ. Ẹni tó bá fo ọjọ́ mẹ́ta torí pé ó lọ sí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ti fún àwọn oyin náà láǹfààní láti pọ̀ sí i.

Ìwádìí tó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Roger Stupp ló ṣáájú rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn 85 ló kópa, pàápàá ní Yúróòpù àti Kánádà, aláìsàn 573 ni wọ́n sì jẹ́. Wọ́n fún apá kan ní ìtànṣán nìkan, wọ́n fún apá kejì ní ìtànṣán pẹ̀lú temozolomide. Ní apá àkọ́kọ́, oṣù 12.1 ni ìdajì wọn fi wà láyé. Ní apá kejì, oṣù 14.6. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: oṣù méjì àtààbọ̀ péré, lórí gbogbo owó yìí? Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àmọ́ ẹ wo iwájú díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ìtànṣán nìkan, bíi 10 ló ṣì wà láàyè. Nínú àwọn tó gba méjèèjì, ó lé ní 26. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, apá àkọ́kọ́ kò ju ìdá 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, apá kejì jẹ́ 9.8. Èèyàn díẹ̀ ni, àmọ́ èèyàn ni wọ́n, wọ́n rí ọmọ wọn jáde ilé ìwé. Mi ò ní tan yín: ìtọ́jú yìí kì í sábà wo àìsàn náà sàn pátápátá. Ó ń ra àkókò, ó sì ń rà á fún àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ.

Ẹ ní àwọn kan ń sọ pé méjèèjì pọ̀ máa pa á. Nínú ìwádìí kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gba méjèèjì pọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, 7 ni iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Ewu wà, mi ò sọ pé kò sí, ṣùgbọ́n ewu tí a lè máa fi àyẹ̀wò ṣọ́ ni. Ìsinmi tí ẹbí yín ń bẹ̀bẹ̀ fún sì wà nínú ètò náà fúnra rẹ̀: bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá ti pé, á sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò ní gba ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni á wá máa lo kápúsù tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ márùn-ún péré nínú ọjọ́ 28, ìgbà mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí yàrá náà. Kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣe ìbòjú kan fún un. Pákó ike pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Wọ́n á kì í bọ inú omi gbígbóná, á rọ̀ bí aṣọ, wọ́n á gbọn omi rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì tẹ́ ẹ lé e lójú, wọ́n á máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ imú, iwájú orí àti àgbọ̀n. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á le gbandi, á ti di ojú ẹ̀gbọ́n yín gan-an, wọ́n á sì fi ìkọ́ dè é mọ́ tábìlì kí orí rẹ̀ má baà mì. Ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé yóò máa mí dáadáa, ihò pọ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tí a kò sọ fún máa ń rò pé wọ́n fẹ́ sé òun mọ́lẹ̀. Ìtànṣán fúnra rẹ̀ kò dùn ún, kò gbóná, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, bí ẹni ya fọ́tò. Kò sí ohun tó máa tẹ̀ lé e wálé; ó lè gbé ọmọ mọ́ra, ó lè bá ìyàwó rẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Irun á re níbi tí ìtànṣán gbà kọjá, àárẹ̀ á sì máa mú un, pàápàá lápá ìparí àti fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Kó máa sùn.

Kápúsù ńkọ́? Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 75 fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí awọ ara rẹ̀ gbà. Ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ 1.8, mílígíráàmù 135 ni tirẹ̀. Àwọn dókítà mìíràn á sọ ọ́ di 140 kó lè rọrùn láti kà. Inú òfo ni kó ti lò ó. Oúnjẹ ọlọ́ràá máa ń dá a dúró lọ́nà, kì í jẹ́ kó ga nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí àkókò ìtànṣán rẹ̀ bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀, bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é nìyí: ní aago méje àbọ̀ kó lo oògùn èébì tí dókítà kọ fún un, ní aago mẹ́jọ kó gbé kápúsù mì pẹ̀lú ife omi kan, ní aago mẹ́sàn-án kó wà lórí tábìlì. Kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò gbọ́dọ̀ já kápúsù náà, kò gbọ́dọ̀ tú u sínú ọ̀gì. Bó bá bì, ẹ má fún un ní òmíràn lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin tó lóyún nínú ilé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun inú rẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ohun méjì ni a ń ṣọ́: sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà, àti platelet tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí platelet bá bọ́ sábẹ́ 100,000, dókítà lè ní kó dá kápúsù dúró díẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Hepatitis B. Àrùn yìí wọ́pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri láìmọ̀, oògùn yìí sì lè jí i dìde, kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Oògùn wà tí wọ́n máa fi dè é mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú. Wọ́n tún lè ní kó máa lo Septrin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, torí irú àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tó máa ń yọ́ wọlé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun bá lọ sílẹ̀. Bí oògùn tó ní sulfa nínú, irú Septrin yìí, kì í bá bá a lára mu, kó tètè sọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń tún sọ fún gbogbo ẹbí títí wọ́n á fi bínú sí mi. Bí ara ẹ̀gbọ́n yín bá gbóná tó 38 láàárín ìtọ́jú yìí, ẹ má sọ pé ibà lásán ni. Mo mọ̀ wá. Ara gbóná, a ti dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, a ti ra oògùn ibà, a ti ra paracetamol, ara á rọlẹ̀, a ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ara tí kò ní jagunjagun tó lè máa jó nínú láìjẹ́ kí ìta mọ̀. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Oògùn kan tún wà tí ó ṣeé ṣe kó ti máa lò látìgbà iṣẹ́ abẹ, dexamethasone. Òun ló ń mú kí wíwú ọpọlọ lọ sílẹ̀, òun ló jẹ́ kí apá òsì rẹ̀ tún lè gbé ife. Ó ń mú kí ojú wú, ó ń mú kí ebi máa pa á ní òru, ó ń gbé ṣúgà sókè. Torí ìyẹn ni àwọn kan ṣe ń dá a dúró lójijì. Ẹ má ṣe é láé. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bákan náà ni oògùn gìrì rẹ̀: bí gìrì ò bá tilẹ̀ ti mú un fún oṣù kan, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Àǹtí yín àgbà. Mi ò bú àgbo. Ìyá tó bí mi lọ́mọ sè é fún mi mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àgbo àti kẹ́mò jọ ń gbà kọjá. Bí platelet bá lọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ò ní mọ èyí tó fà á. Kápúsù ni dókítà máa dá dúró, torí òun nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀, àgbo á sì máa lọ ní tirẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó fi àgbo mọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí àti oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Bó bá fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun kan fún àbúrò rẹ̀, kó máa bá a se ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹyin, ìyẹn wúlò gan-an.

Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀nà. Òṣogbo ni ẹ wà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ni ẹ máa ti rí ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kó máa lọ kó máa bọ̀ lójoojúmọ́ ní ojú ọ̀nà yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ wá ilé ẹbí tàbí yàrá kékeré nítòsí. Ẹ ra kápúsù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé lọ́wọ́ kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, ilé oògùn ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ sì máa wo ọwọ́ ẹni tó wà lókè òkun. Bí owó kò bá tó nǹkan méjì, tí ẹ ti gbìyànjú tí kò sí ọ̀nà, ìtànṣán ni kẹ́ ẹ dì mú, torí òun ni òpó ilé. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà kó tún ètò náà ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Nínú ìwádìí ọdún 2005 yẹn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn àyẹ̀wò ni ìdajì àwọn aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Bí ẹ̀rọ bá wá bàjẹ́ láàárín ìtọ́jú ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ orílẹ̀-èdè yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bí wọ́n ṣe máa dí àlàfo náà. Wọ́n lè ṣe é ní Sátidé, wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà láàárín. Kápúsù kì í dúró torí pé ẹ̀rọ dúró. Nínú ìwádìí yẹn, láti ọjọ́ kìíní ìtànṣán dé ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n lò ó, àmọ́ kò kọjá ọjọ́ 49.

Ẹ béèrè bóyá ó ṣeé ṣe láti ṣe àyẹ̀wò MGMT lára ẹran tí wọ́n yọ. Nínú àwọn kókó mìíràn, ara ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ MGMT, oyin ò sí nínú ilé. Monika Hegi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní ọdún 2005 kan náà pé lára irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó gba méjèèjì pọ̀, ìdajì wà láàyè di oṣù 21.7, àwọn tí ìlẹ̀kùn tiwọn ṣí sílẹ̀ sì jẹ́ oṣù 12.7. Bí ẹ kò bá rí ibi ṣe é, ẹ má tìtorí rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n yín, èmi á fún un ní méjèèjì náà ni. Ká ní bàbá ẹni ọdún 75 ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ìpín 15, pẹ̀lú temozolomide, ṣe àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè láǹfààní: ìdajì wọn wà láàyè di oṣù 9.3, ti àwọn tó gba ìtànṣán nìkan sì jẹ́ oṣù 7.6.

Kí ẹnikẹ́ni má mú ìwé yìí lọ fi tọ́jú kókó orí mìíràn o. Meningioma kì í gba irú àpapọ̀ yìí. Àwọn glioma kan tó ń rọra dàgbà, ìtànṣán ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà tán, oògùn mìíràn ló ń tẹ̀ lé e. Ìwádìí ọdún 2016 kan rí i pé ìdajì àwọn tó gbà á bẹ́ẹ̀ wà láàyè di ọdún 13.3, ti àwọn tó gba ìtànṣán nìkan sì jẹ́ ọdún 7.8. Orúkọ tó wà nínú ìwé àyẹ̀wò ló ń pàṣẹ.

Bí ó bá ku díẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀, MRI àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtànṣán á jáde, ẹnì kan á sì sọ fún yín pé kókó náà ti tóbi sí i. Ẹ má tíì sunkún. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ibi tí ìtọ́jú ti jà lè wú, kó tàn nínú àwòrán bíi pé àìsàn ń gbilẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó kú àti ọgbẹ́ ni. Bí ara rẹ̀ kò bá burú sí i, dókítà tó mọṣẹ́ á ní kí ẹ máa lo kápúsù lọ, kí a tún ya òmíràn lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì.

Ó wá ku èyí tí ẹ fi sí ìparí ìwé yín, tí mo rò pé òun ló wúwo jù lọ́kàn yín. Kò lè fara sin. Á jókòó sí ibi tí wọ́n kọ jẹjẹrẹ gàdàgbà sí lára ògiri. Á rí ìwé pélébé nínú páálí kápúsù, olùkọ́ sì ni, á kà á. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú. Àwọn ìpinnu kan wà tó jẹ́ tirẹ̀: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, torí oògùn yìí lè ba àtọ̀ jẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ lóyún láàárín ìtọ́jú. Ẹ ṣe é kí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe ìbòjú tó pé. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, kí èrò má pọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àìsàn. Ẹ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rò pé wọ́n yọ lórí yín?” Kí ẹ sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n ti mọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń ṣàánú. Bó bá dáhùn tán, ẹ sọ ohun tó kù fún un, kí ẹ sì fún un ní ìwé àyẹ̀wò náà kó fi ojú ara rẹ̀ kà á.